Kúkì: bí ìkànnì ṣe ń dá ẹni tó wọlé sí i mọ̀

Ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í rántí èèyàn. Bí a bá tẹ líǹkì kan lórí fóònù, aṣàwákiri, ìyẹn Chrome, Safari tàbí Opera Mini, á bẹ kọ̀ǹpútà ìkànnì náà pé kó fún òun ní ojú ìwé báyìí-báyìí. Ìyẹn á fi í ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí a bá tún tẹ líǹkì míì níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àjèjì tuntun la tún jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà yẹn. Bí wọ́n ṣe ṣètò HTTP, ìlànà tí aṣàwákiri àti kọ̀ǹpútà ìkànnì fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì dí ẹni tó kàn fẹ́ kàwé lọ́wọ́. Ọjà títà ló sọ ọ́ di wàhálà: oníbàárà á ju bàtà sínú apẹ̀rẹ̀, kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń sanwó, apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo.

Lọ́dún 1994, Lou Montulli tó ń ṣiṣẹ́ ní Netscape, iléeṣẹ́ tó ń ṣe aṣàwákiri ní California, wá nǹkan ṣe sí i. Iléeṣẹ́ tẹlifóònù kan tó ń jẹ́ MCI fẹ́ máa ta ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà tòun máa tọ́jú ọjà tẹ́nì kan ò tíì rà tán. Montulli ní kí aṣàwákiri oníbàárà gbé ẹrù ara ẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà ìkànnì ń fi ránṣẹ́ sí i ò ju ìlà kan lọ, irú èyí:

Set-Cookie: id=a3fWa; Max-Age=2592000

Ohun tó ń sọ ni pé: gba àmì yìí, a3fWa, tọ́jú ẹ̀ fún 2,592,000 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 30 ọjọ́, kí o sì máa mú un dání nígbàkígbà tí o bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kúkì ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Kò lè dá ṣiṣẹ́ kankan ṣe, kò lè yọjú wo fọ́tò inú fóònù, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì bí àwọn kan ṣe ń sọ kiri. Ó jọ nọ́ńbà tí alágbàfọ̀ ń kọ sínú ọrùn aṣọ: ẹni tó bá he aṣọ náà lójú ọ̀nà ò lè fi nọ́ńbà mọ ẹni tó ni ín, nítorí inú ìwé alágbàfọ̀ ni orúkọ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí agbára kúkì kan ṣe tó, kó wádìí ohun tí ẹni tó fún un ní kúkì ń kọ sílẹ̀.

Iṣẹ́ rere pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Lẹ́yìn téèyàn bá ti tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹ̀ láti ka í-meèlì, kúkì ló ń jẹ́rìí sí i lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pé ẹni yìí ti wọlé. Ìdí nìyẹn tí olè tó bá rí kúkì bẹ́ẹ̀ jí fi lè wọlé láì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, òun náà ló sì fà á tí kò fi dáa kéèyàn dìde nídìí kọ̀ǹpútà kàfé láì tẹ "Log out".

Ẹni tó bá ń lo Chrome lórí kọ̀ǹpútà lè tẹ F12, kó wá tẹ "Application" àti "Cookies", yóò fojú ara ẹ̀ rí wọn. Èyí tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni _ga, ti Google Analytics, tí àwọn onílé ìkànnì fi ń ka iye ẹni tó ń wá. Ó máa ń rí báyìí: GA1.1.845210376.1700000000. Nọ́ńbà 845210376 yẹn, wọ́n kàn fà á yọ bí ẹni ta tẹ́tẹ́ ni. Èyí tó gbẹ̀yìn ló dùn ún wò: iye ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 títí di ìgbà tí aṣàwákiri náà kọ́kọ́ dé ìkànnì yẹn. Bí a bá ṣírò 1700000000, ó bọ́ sí agogo 11 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 13 ní Nàìjíríà, lọ́jọ́ 14 oṣù kọkànlá 2023. Ọdún méjì ni Google fún kúkì yìí láti gbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Chrome kì í jẹ́ kí kúkì kankan kọjá 400 ọjọ́ mọ́.

Títí dé ibí yìí, ìkànnì kọ̀ọ̀kan ń ka àlejò tiẹ̀ ni. Ibi tọ́rọ̀ ti yí padà ni pé ojú ìwé kan kì í ti ibì kan ṣoṣo wá. Ìròyìn téèyàn ń kà wá láti kọ̀ǹpútà oníwèé ìròyìn, àmọ́ ìpolówó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, fídíò àti bọ́tìnì "Like", ibòmíì ni aṣàwákiri ti lọ ń bù wọ́n wá, onílé kọ̀ọ̀kan ló sì lè fún un ní kúkì tirẹ̀. Iléeṣẹ́ ìpolówó tó bá ti wà lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkànnì ò ní ju nọ́ńbà kan ṣoṣo fún aṣàwákiri kan. Láàárọ̀, nọ́ńbà yẹn wo bàtà. Lọ́sàn-án, ó ka ìròyìn bọ́ọ̀lù. Lóru, ó ń wá oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Inú ìwé kan náà ni gbogbo ẹ̀ ń bọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí bàtà kan fi ń tẹ̀ lé èèyàn kiri. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ìpolówó DoubleClick fi lókìkí nìyí kí Google tó rà á tán lọ́dún 2008.

Àwọn míì ń lo píksẹ́lì, àwòrán tó kéré débi pé ojú ò rí i, tí wọ́n fi sínú ojú ìwé tàbí í-meèlì. Bí fóònù bá ti lọ bù ú wá, olówó ẹ̀ ti mọ̀ pé wọ́n ṣí i. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù fúnra wọn ló ń gbé píksẹ́lì Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook, sórí ìkànnì wọn, ó sì lè fi nọ́ńbà fóònù tàbí í-meèlì tí oníbàárà kọ sílẹ̀ wá ẹni náà rí lórí Facebook. Níbi tí nọ́ńbà ti di orúkọ nìyẹn.

Safari ti ń dí kúkì àjèjì, ìyẹn èyí tí kò wá látọ̀dọ̀ ìkànnì téèyàn ń kà gan-an, pátápátá láti oṣù kẹta 2020. Google náà ṣèlérí lọ́dún yẹn pé láàárín ọdún méjì, Chrome ò ní gbà á mọ́. Ó sún un síwájú, ó tún sún un, nígbà tó di oṣù keje 2024, ó ní òun ò ṣe mọ́. Kò yani lẹ́nu, owó ìpolówó ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀.

Pípa kúkì rẹ́ pàápàá ò tán ọ̀rọ̀. Aṣàwákiri máa ń sọ bí ojú fóònù ṣe fẹ̀ tó, èdè tó ń lò, irú lẹ́tà tó ní àti bó ṣe ń ya àwòrán. Bí wọ́n bá kó gbogbo ẹ̀ jọ, ó lè dá yàtọ̀ bí ìtẹ̀ka. Nínú ìwádìí tí EFF, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2010, ìdá 83.6 nínú ọgọ́rùn-ún aṣàwákiri tí wọ́n yẹ̀ wò ló dá yàtọ̀ sí gbogbo ìyókù.

Àwọn òfin Yúróòpù ló bí bọ́tìnì "Accept all" tó ń dí ojú ìwé, tí wọ́n fi ń tọrọ ìyọ̀ǹda láti lo kúkì. Lọ́dún 2019, kóòtù wọn ní àpótí tí wọ́n ti bá èèyàn fàmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ní oṣù kìíní 2022, CNIL, àjọ tó ń bójú tó ààbò dátà ní ilẹ̀ Faransé, ní kí Google san mílíọ̀nù 150 owó Yúrò, kí Facebook san mílíọ̀nù 60, torí pé wọ́n jẹ́ kí "bẹ́ẹ̀ ni" rọrùn ju "rárá" lọ. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023 náà sọ pé ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe ìyọ̀ǹda, síbẹ̀ àwọn ìkànnì ṣì wà tó ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹni tó bá ń kàwé lọ ti gbà.

Ẹni tó bá sì tẹ "rárá", inú kúkì kan ni wọ́n sábà máa ń kọ ìdáhùn ẹ̀ sí. Bó bá pa gbogbo kúkì rẹ́ lálẹ́, wọ́n á tún bi í láàárọ̀.