Ẹ̀dọ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, tó di etí sí ìkejì

Tí skáànù bá ti fi hàn pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ ẹnì kan l'Abẹ́òkúta, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó gbé kẹ́ẹ̀gì epo pupa kúrò nílé ìdáná. Á wá máa jẹ ọbẹ̀ tí ò lépo, àmọ́ láfún tó wà níwájú ẹ̀ ò ní fi òkèlè kan dín kù, mínírà tó fi ń sìn ín náà ò ní yí padà. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí èèyàn nínú gan-an ni, torí pé àwọn tó tọpa ọ̀rá yìí nínú ẹ̀dọ̀ àwọn tó ní àìsàn náà rí i pé èyí tó wá tààrà látinú ọ̀rá téèyàn jẹ ò ju nǹkan bíi 15 nínú 100 lọ. Bíi 60 wá látinú ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀, bíi 25 tó kù, ẹ̀dọ̀ fúnra ẹ̀ ló sè é, ṣúgà ló sì fi ń sè é jù.

Kí ló dé tí ẹ̀dọ̀ fi ń se ọ̀rá? Insulin ni, èròjà tí ara ń ṣe láti fi darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ pé insulin ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, ẹ jẹ́ ká fò yẹn. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé iṣẹ́ méjì ló máa ń rán sí ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ wo ìyá onírẹsì kan ní Kútọ̀ tó ní ọmọ ọjà kan nínú sítọ́ọ̀. Tí ọjà bá ti kún iwájú, ìyá á pariwo pé, "Má kó síta mọ́ o! Èyí tó ṣẹ́kù, kó o wọlé!" Ohun tí insulin ń sọ fún ẹ̀dọ̀ nìyẹn: má tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́, èyí tó bá sì pọ̀ jù, sọ ọ́ di ọ̀rá kó o tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí ara ò bá wá gbọ́ ti insulin mọ́, èèyàn á rò pé ẹ̀dọ̀ ti ya adití pátápátá. Rárá o, etí kan ṣoṣo ló di! "Má kó síta" ò wọ̀ ọ́ létí mọ́, àmọ́ "kó o wọlé" ń wọ̀ ọ́ létí kedere, ọmọ yẹn wá ń kó àpò síta, ó tún ń kó òmíì wọlé, ìyá rí i pé iwájú ò yé kún, ló bá gbóhùn sókè sí i. Bí pancreas, ẹ̀yà ara tó ń ṣe insulin, náà ṣe ń da insulin púpọ̀ sí i sínú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Ariwo yẹn gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́, torí etí tó di ò gbọ́, etí tó là ló ń gbọ́ ọ ní ìlọ́po méjì, ọ̀rá wá ń pọ̀ sí i, ṣúgà ò sì wálẹ̀. Ara tó mọ ọgbọ́n tó pọ̀ tó báyìí, kó jẹ́ pé ariwo nìkan ló mọ̀ tí wọn ò bá gbọ́ ọ, àbùkù ńlá ni. Ti mínírà tún wá burú sí i, ìdajì ṣúgà inú ẹ̀ tó ń jẹ́ fructose, ẹ̀dọ̀ ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, kì í sì í dúró de insulin kó tó gbà á.

Ti 60 tó wá látinú ọ̀rá tó ti wà lára tẹ́lẹ̀ yẹn ńkọ́? Insulin ló ń ti ilẹ̀kùn ibi tí ara ń tọ́jú ọ̀rá sí. Tí ibẹ̀ náà ò bá gbọ́ mọ́, ilẹ̀kùn á wà ní ṣíṣí tọ̀sántòru, ọ̀rá á máa ṣàn bọ̀ sẹ́dọ̀. Ẹ̀dọ̀ máa ń di díẹ̀ kó fi ránṣẹ́ padà sínú ẹ̀jẹ̀ (ìdí tí triglyceride, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ní àìsàn yìí fi sábà máa ń ga nìyẹn), àmọ́ èyí tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ. Tí ọ̀rá bá ti kọjá 5 nínú 100 ìwọ̀n ẹ̀dọ̀, àìsàn ti dé, ọ̀rá yẹn á sì tún máa dí etí ẹ̀dọ̀ sí i, láìjẹ́ pé nǹkan kan ń dun ẹni tó ni ín.

Ní 2023 ni wọ́n yí orúkọ àìsàn ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ yìí padà láti NAFLD (èyí tí kì í ṣe ọtí ló fà á) sí MASLD (èyí tó tan mọ́ bí ara ṣe ń lo oúnjẹ), ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ọtí tí onítọ̀hún ò mu ni orúkọ àtijọ́ ń sọ, kò sọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹran ara náà máa ń di etí sí insulin, ṣúgà tó yẹ kí itan jẹ á wá di ẹrù ẹ̀dọ̀. Àmọ́ itan ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan. Ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn Olúmọ, bí itan ẹ̀ ṣe ń sún kì tó ń nà, ó ń fa ṣúgà wọlé láì dúró de insulin rárá. Tí ẹni tó wọn kílò 90 bá sì fi bíi kílò 6 sí 9 fúyẹ́, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ ẹ̀ á dín kù gan-an, wíwú tó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà á sì máa rọlẹ̀.