Ṣé owó nìkan làwọn tíṣà Chicago ń bá ìjọba jà fún? Rárá o

Lóṣù kẹwàá 2019, ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Íbàdàn fi vọ́ìsì nóòtù ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní àwọn tíṣà yín tó ń pariwo lójú títì yẹn, ṣé ojúkòkòrò wọn ò ti pọ̀ jù báyìí, ohun tí wọ́n ń gbà lóṣù kan, tíṣà níbí ò rí i gbà lọ́dún. Mi ò bá a bínú. Nílé, tá a bá ti gbọ́ pé NUT tàbí ASUU daṣẹ́ sílẹ̀, owó ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Èyí tó dùn mí ni tàwọn ará wa tó ń gbé Chicago níbí, tọ́mọ wọn wà nínú kíláàsì, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti níbi òde, bẹ́ẹ̀ ọmọ tiwọn gan-an lọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, olùrànlọ́wọ́ tíṣà ni mí. Yúníọ̀n tiwa, SEIU Local 73, àti tàwọn tíṣà, CTU, ọjọ́ kan náà la jọ daṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá yẹn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti owó tán. Ká tó jáde rárá ni Méyọ̀ Lori Lightfoot ti fi àfikún 16% lọ àwọn tíṣà, láàárín ọdún 5. Ó ti wà nílẹ̀. Ká ní owó nìkan ni wọ́n ń wá, wọn ì bá fọwọ́ sí i kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ ilé-ìwé 11 ni wọ́n fi rìn nínú òtútù, yìnyín gan-an já lọ́jọ́ tó parí, ọjọ́ 31, nígbà tí wọ́n sì ṣí ìwé àdéhùn, 16% ọlọ́dún 5 yẹn náà ló wà níbẹ̀. Lóòótọ́ wọ́n bu díẹ̀ kún un fáwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ àtàwọn tówó wọn kéré, àmọ́ ọjọ́ 5 péré nínú 11 yẹn ni wọ́n ní kí wọ́n fi iṣẹ́ dí, owó ọjọ́ 6 tó kù ṣègbé mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó yìí rinlẹ̀ báyìí, òfin wà nídìí ẹ̀. Lọ́dún 1995, Illinois, ìpínlẹ̀ tí Chicago wà, ṣe òfin kan tó de yúníọ̀n tíṣà Chicago, pé wọn ò gbọdọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ torí iye ọmọ inú kíláàsì tàbí iye òṣìṣẹ́, àfi torí owó oṣù àtàwọn nǹkan tó so mọ́ ọn. Tíṣà tí ọmọ ti pọ̀ lọ́rùn ẹ̀ jù, owó ló gbọ́dọ̀ dárúkọ kí ìjà ẹ̀ tó bófin mu, aráàlú á wá gbọ́ owó, wọ́n á ní ẹ ò rí wọn! Ọdún 2021 ni Gómìnà Pritzker ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n yọ òfin yẹn dànù.

Kí wá ni wọ́n ń jà fún? Iye ọmọ àti iye òṣìṣẹ́ yẹn náà ni. Látọdún 1975 ni òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé ilé-ìwé ìjọba ò lè lé ọmọ kankan padà torí pé ó ní ìpèníjà, òun là ń pè ní IDEA báyìí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa ní ìwé tiẹ̀, IEP, tó sọ ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe fún un, ìṣẹ́jú sì ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀, bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ. Ẹ̀tọ́ ọmọ yẹn ni. Fún ẹ̀kọ́ wọn, ìjọba àpapọ̀ ní lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, àwọn á gbé tó 40% iye tí wọ́n ń ná lórí ọmọ ilé-ìwé kan ní ìpíndọ́gba kalẹ̀, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, wọn ò tíì san án pé rí.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Ní Illinois, ẹni tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ yẹn lè ní tó ọmọ 60 lọ́rùn, ibẹ̀ ni òfin fàlà sí. Tí ọmọ 60 bá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré lọ́sẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 30 ti lọ nìyẹn, kò tíì kọ ìwé, kò tíì yẹ ọmọ tuntun wò, kò tíì bá òbí kankan jókòó. Tó bá jẹ́ 90 ìṣẹ́jú ni ìwé wọn sọ ńkọ́? Wákàtí 90! Ó di dandan kó kó wọn pọ̀ sójú kan tàbí kó fo àwọn kan. Torí náà, iye ọmọ tó wà lọ́rùn tíṣà àti ìṣẹ́jú tọ́mọ yín máa rí gbà, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, kì í sọ̀rọ̀, káàdì tí wọ́n ya àwòrán sí ló fi ń tọrọ omi, tó fi ń sọ pé inú ń run òun. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tíṣà ẹ̀ máa ń wá mú un. Lọ́sẹ̀ kan, tíṣà tó máa ń dípò ẹni tí ò wá ò sí, wọ́n fa tíṣà yìí lọ dúró ní kíláàsì míì, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọmọ náà ò mọ aago kà, àmọ́ tó bá ti tó àsìkò yẹn báyìí, á to káàdì ẹ̀ sórí tábìlì, á dojú kọ ilẹ̀kùn, á máa wò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé káàdì "tíṣà" lé mi lọ́wọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Ẹ má sì rò pé ojú tèmi nìkan ló rí i bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2018 àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ Illinois ṣèwádìí ní gbangba lórí Chicago, wọ́n rí i pé ètò tí wọ́n ń lò ń fa ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ sẹ́yìn tàbí kó máa fi dù wọ́n, ni wọ́n bá yan ẹni tí á máa ṣọ́ wọn. Ọdún kan lẹ́yìn náà la jáde. Èyí tó tóbi jù tí yúníọ̀n tíṣà gbà nínú àdéhùn ni pé kí àdéhùn ọlọ́dún 5 yẹn tó parí, nọ́ọ̀sì kan àti sọ́ṣà wọ́kà kan gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ilé-ìwé. Ẹni tọ́mọ ẹ̀ ní gìrì tàbí tí oúnjẹ ọmọ ẹ̀ ń gba inú rọ́bà wọ ikùn mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín nọ́ọ̀sì tó wà nílé-ìwé lójoojúmọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ń pín ara ẹ̀ sí ilé-ìwé mélòó kan.

Àwọn ọmọ yìí náà ló sì jìyà jù lásìkò tá a daṣẹ́ sílẹ̀, mi ò ní pa á mọ́, ọmọ tí gbogbo nǹkan ẹ̀ ní àsìkò, tó ṣàdédé di pé kò sílé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ilé wọn ò rọgbọ. Ó dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n àwọn ìṣẹ́jú tí wọ́n ti ń pàdánù látẹ̀yìn wá, kò sẹ́ni tó gbé kámẹ́rà wá síbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ní IEP, tí wọ́n bá tún pè yín sí mítìn, ẹ béèrè: ọmọ mélòó ló wà lọ́rùn ẹni tó ń kọ́ ọmọ mi? Ìṣẹ́jú mélòó ló ti rí gbà ní tòótọ́ látìgbà tí wọ́n ti wọlé? Ẹ ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ ẹ̀ hàn yín. Tí Gẹ̀ẹ́sì ò bá yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n wá ògbufọ̀ Yorùbá, òfin IDEA yẹn náà ló ní kí wọ́n ṣe é.