Ikọ̀ Tó Ń Tú Ká Lọ́dọọdún: Bí England U20 Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Bó Ṣe Yẹ Kí A Ka Àkọsílẹ̀ Rẹ̀

Láàárín 2008 sí 2025, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbá ìdíje àgbáyé rọ́gíbì ti àwọn ọ̀dọ́. Ìbá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ àrùn kòrónà kò jẹ́ kí wọ́n gbá a ní 2020, 2021 àti 2022. Nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní England U20, ìyẹn ti àwọn tí kò tó ogún ọdún, dé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Wọ́n gba ife ẹ̀yẹ lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ẹni tó bá ń ka àkọsílẹ̀ yìí bí ìgbà tó ń ka ti ikọ̀ àgbà yóò ṣì í kà. Ikọ̀ àgbà lè ní agbábọ́ọ̀lù kan fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Ti U20 kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó na Gúúsù Áfíríkà ní 2014 kọ́ ló na Faransé ní 2024, kódà nígbà tí àwọn ti 2014 ń jà lórí pápá, ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni púpọ̀ nínú àwọn ti 2024. Aṣọ funfun àti òdòdó pupa tó wà láyà rẹ̀ nìkan ló jọ ara wọn. Ọdọọdún ni ikọ̀ náà ń tú ká, ọdọọdún ni wọ́n sì ń to òmíràn.

Òfin ọjọ́ orí ló fà á. Ọjọ́ kìíní oṣù January ni wọ́n fi ń wọn ọjọ́ orí: fún ìdíje 2024, ẹni tí wọ́n bá bí ṣáájú January 1, 2004 kò lè gbá a. Ìdí nìyí tí èèyàn fi lè rí ọmọ tó ti pé ogún ọdún dáadáa lórí pápá U20, tí kò sì sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ, ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n ń rí gbá. Ẹni tí ara rẹ̀ tètè gbó lè rí ọdún méjì. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò lè sọ pé òun ń kọ́ ikọ̀ kan sílẹ̀ de ọdún márùn-ún, nítorí àwọn tó ń kọ́ lónìí yóò ti lọ.

Kí 2008 tó dé, ìdíje méjì ló wà, ọ̀kan fún àwọn tí kò tó ọdún 19, èkejì fún àwọn tí kò tó 21. Àjọ tó ń darí rọ́gíbì lágbàáyé, tó ń jẹ́ IRB nígbà náà, tó sì ti di World Rugby, pa méjèèjì pọ̀ sí ẹyọ kan, wọ́n sì gbá àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Wales. Iye ọjọ́ orí tí wọ́n mú yìí ní ìtumọ̀, ibi tó sì ti hàn jù ni scrum.

Scrum ni ìgbà tí àwọn mẹ́jọ láti ẹ̀gbẹ́ kìíní àti mẹ́jọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì bá so ara wọn pọ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n kọrí sí ara wọn, tí wọ́n sì ń tira wọn nítorí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sáàárín. Rẹfirí yóò kọ́kọ́ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, yóò ní kí wọ́n di ara wọn mú, lẹ́yìn náà ni yóò tó ní kí wọ́n pàdé. Ẹ wo ẹni tó wọ nọ́ńbà 3, prop ọwọ́ ọ̀tún (prop ni ẹni tó ń gbé scrum ró ní ìlà iwájú). Orí rẹ̀ há sáàárín orí alátakò méjì, nítorí náà èjìká rẹ̀ méjèèjì ló ń gba ẹrù, nígbà tí èjìká òsì prop kejì rẹ̀ tó wọ nọ́ńbà 1 wà lóde ní tirẹ̀. Tí ẹ̀yìn nọ́ńbà 3 bá ká kò, gbogbo scrum náà ti wó nìyẹn. Ní ìpele U19, òfin sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ti èkejì ju mítà kan àtààbọ̀ lọ, àti pé ìṣẹ́jú 35 ni ìdajì eré. Ní U20, ìdènà méjèèjì ti kúrò: ogójì ìṣẹ́jú ni ìdajì eré, ẹni tó bá sì lágbára lè ti ẹnì kejì rẹ̀ títí dé ìlà. Ọmọ tó ti ń jọba láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ yóò wá mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan pé ọ̀tọ̀ ni agbára ọmọdé, ọ̀tọ̀ ni tàgbà.

Ibi yìí gan-an ni Afolabi Fasogbon ti ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà 3 ni, ó sì wà lára ikọ̀ tó gba ife àgbáyé ní 2024. Kò sí Yorùbá tí yóò bèèrè ibi tí orúkọ yẹn ti wá. Ìrìn rẹ̀ ṣàlàyé bí ikọ̀ náà ṣe ń rí ọmọ ju ìwé òfin lọ. RFU, ìyẹn àjọ rọ́gíbì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní ọgbà kan tó ti ń tọ́ ọmọ dàgbà fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama àti akádẹ́mì àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá ló ń tọ́ wọn. Akádẹ́mì London Irish ni Fasogbon ti gòkè wá. Ní 2023, gbèsè gbé London Irish ṣánlẹ̀, ẹgbẹ́ náà kógbá sílé, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí Worcester àti Wasps ṣáájú rẹ̀. Gloucester ló wá di ilé tuntun fún ọmọ náà. Tí ẹgbẹ́ kan bá kú báyìí, ìsun omi kan ti gbẹ nínú èyí tí ikọ̀ orílẹ̀-èdè ń pọn, bí wọn kò tiẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀.

Nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ ló ń sanwó fún àwọn ọmọ yìí, àwọn náà ni wọ́n ń jọ̀wọ́ wọn fún orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le. Ọmọ tó bá dára jù ni ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fẹ́ lò ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí U20 nílò rẹ̀, nígbà mìíràn ikọ̀ àgbà pàápàá ti nawọ́ gán an. Ikọ̀ tí ẹ bá rí lórí pápá kì í fìgbà gbogbo jẹ́ àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó dára jù ní ọjọ́ orí yẹn.

Ìdíje pàtàkì méjì ló wà nínú ọdún wọn. Ti àkọ́kọ́ ni Six Nations ti àwọn ọ̀dọ́, tí England, Faransé, Ireland, Wales, Scotland àti Ítálì ń gbá ní oṣù February àti March, eré márùn-ún fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá borí ní márààrún ni wọ́n ń sọ pé ó gba Grand Slam. England gbà á ní 2021, ọdún tí wọ́n kó gbogbo eré náà jọ sí Cardiff nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí àrùn kòrónà. Ireland ló gbà á ní 2022 àti 2023. Èkejì ni ìdíje àgbáyé, lẹ́yìn tí sáà líìgì bá ti parí.

Láti 2010 títí di 2025, ikọ̀ méjìlá ló ń wá síbẹ̀, ìsọ̀rí mẹ́ta, ikọ̀ mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó borí gba àmì 4, ẹni tó gba ọ̀mì gba 2. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀bùn: ẹni tó bá gba try mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gba àmì 1 sí i, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi pẹ̀lú àlàfo tí kò ju 7 lọ gba 1. Try ni kí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà kó sì fi kan ilẹ̀, àmì 5 ló sì ń mú wá. Àwọn tó ṣe ipò kìíní nínú ìsọ̀rí mẹ́ta náà ń lọ sí ìpele tó kángun sí àṣekágbá, wọ́n á sì mú ẹnì kan péré kún wọn, ìyẹn ẹni tó dára jù nínú àwọn tó ṣe ipò kejì. Àyè kan ṣoṣo yìí ló ń yí eré padà. Ikọ̀ tó borí nínú eré méjì, tó gba try mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì fi àmì 6 pàdánù ẹ̀kẹta, ní 11 lápò. Èyí tó borí nínú méjì láìsí ẹ̀bùn kankan, tí wọ́n sì lù ú bí aṣọ òfì nínú ẹ̀kẹta, ní 8. Àwọn méjèèjì borí lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ń lọ síwájú, èkejì ń lọ jà fún ipò karùn-ún. Ìdí nìyí tí ikọ̀ tí eré ti bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ṣì ń sáré bí ẹni tí ilé ń jó ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Àárẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní 2024, ní Gúúsù Áfíríkà, June 29 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, July 19 ni wọ́n gbá àṣekágbá: eré márùn-ún láàárín ọjọ́ 21, ọjọ́ márùn-ún láàárín eré kan sí èkejì. Ikọ̀ àgbà kì í gbá rọ́gíbì bẹ́ẹ̀, ara ò gbà á. England na Ireland 31 sí 20 nínú eré kẹrin, wọ́n sì na Faransé, tó ti gba ife mẹ́ta léra wọn (2018, 2019, 2023), pẹ̀lú 21 sí 13. Ẹni tó bá ní agbábọ́ọ̀lù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rere nìkan kò lè dé ibẹ̀. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ló ń gba ife náà.

Nígbà tí ikọ̀ méjìlá ń wá, ẹni tó bá ṣe ipò kejìlá máa ń já bọ́ sí ìdíje kejì tó wà nísàlẹ̀, ẹni tó gba ife ìsàlẹ̀ náà á sì gòkè. Ítálì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa: wọ́n gba ife ìsàlẹ̀ ní 2010, wọ́n gòkè, wọ́n tún já, wọ́n tún gbà á ní 2013. Scotland já ní 2019, wọn kò sì padà sókè títí di ìgbà tí wọ́n gba ife ìsàlẹ̀ nílé ara wọn ní 2024. England kò tíì já rí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti ibòmíràn, ìyẹn ni bí aṣọ U20 ṣe ń so ọmọ mọ́ orílẹ̀-èdè. Èèyàn lè gbá fún ibi tí wọ́n bí i sí, ibi tí wọ́n bí òbí tàbí òbí òbí rẹ̀ sí, tàbí ibi tó ti gbé fún ọdún márùn-ún léra wọn. Ṣùgbọ́n tó bá ti gbá fún ikọ̀ àgbà kan, tàbí fún ikọ̀ kejì tí orílẹ̀-èdè náà yàn sí ipò igbá-kejì, ó ti dè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2022, ó lè yí padà lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí kò gbá fún orílẹ̀-èdè kankan, sí ibi tí wọ́n bí òun, òbí tàbí òbí òbí rẹ̀ sí. Tẹ́lẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń yan U20 wọn sí ipò yẹn. Ìyẹn ló mú agbábọ́ọ̀lù Steven Shingler ní 2012: Scotland fẹ́ lò ó, ṣùgbọ́n ó ti gbá fún U20 Wales nígbà tí wọ́n kojú U20 Faransé, àwọn méjèèjì sì ti yan U20 wọn ní igbá-kejì. IRB ní ti Wales ni títí. Láti January 1, 2018, kò sí orílẹ̀-èdè tó tún lè lo U20 bẹ́ẹ̀, ó sì tọ́ gidigidi, nítorí kò yẹ kí ohun tí ọmọ ọdún 19 ṣe di ẹ̀wọ̀n ayé rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London, tó gbá fún England U20, ṣì lè wọ aṣọ Nàìjíríà lọ́la tí ikọ̀ àgbà England kò bá tíì lò ó. Ní ti Adedayo Adebayo, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó sì gbá fún England ní àwọn ọdún 1990, kò tíì sí U20 rárá.

Báwo wá ni kí a ṣe ka ẹ̀ẹ̀mẹwàá tí wọ́n dé àṣekágbá yẹn? Ní àṣekágbá 2008, New Zealand na England 38 sí 3. Ní 2017, ó na wọ́n 64 sí 17. Ìtìjú ni tí a bá wo àmì nìkan. Ní 2011, wọ́n tún fìdí rẹmi fún New Zealand, 33 sí 22, ṣùgbọ́n Owen Farrell àti George Ford wà nínú ikọ̀ yẹn, àwọn méjèèjì sì ni wọ́n darí eré ikọ̀ àgbà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ìkùnà wo ló wà nínú ìyẹn? Iṣẹ́ U20 ni kí ó máa pèsè irú wọn. Dídé àṣekágbá lẹ́ẹ̀mẹwàá pẹ̀lú àwọn ọmọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fi hàn pé ìsun omi náà kò gbẹ. Èmi a fi ìyẹn ṣáájú ife mẹ́rin náà.

Ní June 2014, ní pápá Eden Park ní Auckland, England na Gúúsù Áfíríkà 21 sí 20, àmì kan péré. Balógun ikọ̀ náà ni Maro Itoje, ọmọ ọdún 19 tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Henry Pollock wà nínú àwọn tó gba ife náà ní Cape Town. Ní 2025, nígbà tí ikọ̀ Lions, tó ń kó àwọn ará Britain àti Ireland jọ, lọ sí Australia, Itoje ni balógun wọn, Pollock, ọmọ ogún ọdún, sì wà nínú àwọn tó kó lẹ́yìn.