Ta ni ọmọ òrukàn gan-an?

Ọmọ aládùúgbò wa kan mú fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ wá bá mi. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ ní oríta. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti béèrè bóyá òrukàn ni, bírò dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ni kí n kọ?"

Ìbéèrè: Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé. Ṣé òrukàn náà ni?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé àfi kí bàbá àti ìyá kú tán. Lójú àjọ UNICEF, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tí ọ̀kan péré nínú òbí rẹ̀ kú, ti di òrukàn. Nínú òfin Ìsìláàmù, ikú bàbá ló ń sọ ọmọ di òrukàn, títí yóò fi bàlágà. Ànábì Muhammad fúnra rẹ̀, bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Ó tó ọmọ ọdún 6 nígbà tí Amina ìyá rẹ̀ náà kú. Bíbélì Yorùbá ní tirẹ̀ sábà máa ń sọ pé "aláìníbaba", ó sì máa ń dárúkọ opó tẹ̀ lé e.

Èmi ò rò pé ti ìyá kéré. Nílé olórogún, ta ni yóò bu oúnjẹ pa mọ́ de ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú? Àwọn àgbà ní ọjọ́ ìyá kú ni wúrà bàjẹ́, ọjọ́ bàbá kú ni dígí wọmi.

Ìbéèrè: Ẹni àádọ́ta ọdún tó sin ìyá àti bàbá rẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè" là ń kí i, a ó sì bá a ra aṣọ ẹbí. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n bó bá sunkún lẹ́bàá sàréè pé òun ti di òrukàn, mi ò ní bá a jiyàn.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí àwọn òyìnbó tún ń pe àwọn àìsàn kan ní òrukàn?

Ìdáhùn: Àìsàn tí àwọn tó ń bá jà kò pọ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ni èyí tí kò mú tó 200,000 ènìyàn. Àwọn iléeṣẹ́ oògùn kì í fẹ́ náwó lé e, torí oníbàárà rẹ̀ ò pọ̀; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin ní 1983 láti fún wọn ní ìwúrí.

Ọmọ yẹn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" sí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rọra bi mí bóyá ìyá òun máa rí i.