Láti inú asẹ́ dé inú ẹ̀rọ: bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tí kòkòrò àrùn ń tú jáde

Ní 1884, Friedrich Loeffler sin kòkòrò difitéríà, àrùn tó ń dí ọmọdé lọ́fun, nínú láàbù ní Jámánì. Ohun kan rú u lójú. Bó bá fi kòkòrò náà sára ẹran, ojú ibi tó fi í sí ni yóò jókòó sí, síbẹ̀ àwọn ẹ̀yà inú tó jìnnà síbẹ̀ ló máa ń bàjẹ́. Ó fura pé májèlé kan ló ń tú jáde.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní Institut Pasteur ní Paris, Émile Roux àti Alexandre Yersin gbé omi tí kòkòrò náà ti dàgbà, wọ́n sẹ́ ẹ gba inú asẹ́ tánganran tí ihò rẹ̀ kéré débi pé kòkòrò kankan kò lè kọjá. Omi mímọ́ gaara ló jáde. Wọ́n gún un fún ẹran, ẹran náà sì kú bí ẹni pé difitéríà gan-an ló pa á. Ibẹ̀ ni èmi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mímọ ohun tí kòkòrò ń tú jáde sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ tí à ń lò lónìí kò tíì sí rárá. Ní 1959, Sambhu Nath De lo irú omi asẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Kolkata fún àrùn onígbáméjì: ìfun ehoro kún fún omi láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀.

Purotéènì ni irú májèlé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi asẹ́ kì í gbé májèlé nìkan. Purotéènì inú rẹ̀ pọ̀, yíya ọ̀kan ṣoṣo sọ́tọ̀ sì lè gba ọdún gbọọrọ.

Mass spectrometer, ẹ̀rọ tó yí ọ̀rọ̀ padà, ti wà nílẹ̀ tipẹ́. J. J. Thomson fi irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ya oríṣi gáàsì neon méjì sọ́tọ̀ ní Cambridge ní nǹkan bí 1913, F. W. Aston tún un ṣe ní 1919. Ẹ̀rọ náà ń fún mólékù ní agbára iná mànàmáná, ó ń jẹ́ kó fò níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó sì ń fi ìrìn rẹ̀ mọ ìwọ̀n rẹ̀. Purotéènì kò gbà fún un: ó tóbi, ẹlẹgẹ́ sì ni, bí ooru bá bà á, á bàjẹ́.

Ní nǹkan bí 1985, Koichi Tanaka, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Shimadzu ní Kyoto ní Japan, ṣèèṣì da glycerin sínú ìyẹ̀fun kóbáàtì tó yẹ kó fi acetone pò. Kò fẹ́ fi ìyẹ̀fun náà ṣòfò, ló bá lò ó bẹ́ẹ̀. Iná lésà bà á, mólékù ńlá fò jáde láìfọ́. John Fenn ní Yale gba ọ̀nà mìíràn: ó fi iná mànàmáná fọ́n omi purotéènì jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́, omi gbẹ dànù, purotéènì ṣẹ́ kù. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó gba Nobel ní 2002. Michael Karas àti Franz Hillenkamp ní Jámánì kò sí lára wọn, ó sì dùn mí, nítorí ọ̀nà tiwọn ni ọ̀pọ̀ láàbù ń gbà lo lésà títí dòní.

Ní 1993, láàbù mélòó kan fi hàn pé bí a bá fi trypsin gé purotéènì, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó máa ń gé e lẹ́yìn lysine tàbí arginine, méjì lára àwọn ásíìdì amino tó so pọ̀ di purotéènì, ìwọ̀n àwọn ègé náà dà bí ìtẹ̀ka tí a fi ń dá a mọ̀. Ó ku àkójọ jíìnì kòkòrò, tó ń sọ purotéènì tó lè ṣe, tí a ó fi wé e. Ti kòkòrò ikọ́ ife jáde ní 1998, jíìnì bí 4,000. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Berlin fi ẹ̀rọ náà wé purotéènì rẹ̀ mọ́ ti BCG, kòkòrò aláìlágbára tí a fi ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ife. Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. ESAT-6, purotéènì kékeré tí wọ́n ti rí nínú omi asẹ́ ní Copenhagen ṣáájú ìgbà yẹn, jíìnì rẹ̀ kò sí nínú BCG rárá. Òun ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń mọ ẹni tí ikọ́ ife wọ̀ lára yàtọ̀ sí ẹni tó kàn gba abẹ́rẹ́.

Ohun tó ṣòro jù lónìí kì í ṣe ẹ̀rọ, omi náà ni. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń sin kòkòrò kò gbọdọ̀ ní purotéènì tirẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bo ti kòkòrò mọ́lẹ̀. Kòkòrò tó bá kú sì máa ń bẹ́, ohun inú rẹ̀ á dà sínú omi, ẹ̀rọ kò ní mọ èyí tó tú jáde yàtọ̀ sí èyí tó dà. Nítorí náà, àwọn tó mọṣẹ́ máa ń tètè gbé omi nígbà tí kòkòrò ṣì ń dàgbà. Wọ́n á wá purotéènì tó yẹ kó wà nínú kòkòrò nìkan. Bí wọ́n bá bá a lọ́pọ̀ nínú omi, wọ́n á dà á nù, wọ́n á sin òmíràn.