Ibi tí béèsì wọlẹ̀ sí nínú àwo Metallica ti ọdún 1988

Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ àwo ...And Justice for All lè rò pé íápíìsì òun ló bàjẹ́. Ìlù ń dún kọ́kọ́kọ́, gìtá mú ṣáṣá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ orin, níbi tó yẹ kí béèsì (gìtá olóhùn ìsàlẹ̀) wà, ṣófo.

Oṣù kẹjọ ọdún 1988 ni Metallica, ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé e jáde, odidi àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú Cliff Burton tó ń ta béèsì fún wọn. Bọ́ọ̀sì wọn ló dojú dé ní Sweden ní ọjọ́ 27, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1986. Ẹni ọdún 24 ni Cliff. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, wọ́n ti mú Jason Newsted rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ ni pé ọ̀fọ̀ ló fà á, pé wọn ò tíì gba ọmọ tuntun náà tọkàntọkàn ni wọ́n ṣe rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Steve Thompson, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó po orin náà pọ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n da ohùn gbogbo irinṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì pinnu bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe máa dún tó), ti sọ ọ́ ní gbangba pé Lars Ulrich onílù ló ní kí àwọn fa béèsì wálẹ̀ títí etí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ mọ́, kí àwọn sì tún wá fà á wálẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ ní wọn ò fọwọ́ kàn án, béèsì yẹn ì bá ṣì há. Gìtá ti gba àyè rẹ̀.

Okùn tó nípọn jù lára béèsì ń gbọ̀n ní ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn 41 Hz; ti gìtá jẹ́ 82. Sípíkà kékeré ò lè gbé 41 jáde. Àwọn ìró tó ń bá a rìn lókè, bíi 82, 123 àti 164, ni etí fi ń mọ̀ pé béèsì wà. Ibẹ̀ gan-an ni gìtá James Hetfield, olórin àti onígìtá ẹgbẹ́ náà, tẹ́ ẹní sí, nítorí ó gé àárín ohùn gìtá rẹ̀ kúrò, ó sì ti ìsàlẹ̀ àti òkè sókè. Ó tún gbà á sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Newsted wá ń fi píìkì (ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn) ta ohun kan náà tí Hetfield ń ta, láìyà kúrò lọ́nà. Cliff kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ìka ló fi ń ta, ó sì máa ń kọ orin tirẹ̀ sábẹ́ gìtá. Bí ohùn méjì bá jókòó sójú kan, èyí tó lágbára á gbé èkejì mì. Ẹ fa béèsì sókè lórí irú ìpòpọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á kàn máa kùn ni.

Ọ̀rọ̀ etí náà tún wà ńbẹ̀. Lásìkò tí wọ́n ń po orin yìí, orí ìtàgé ni àwọn Metallica ti ń bọ̀. Etí tí ariwo ti lù kì í gbọ́ òkè dáadáa, pàápàá ní àyíká 4,000 Hz. Ẹni tó ni ín á máa ti òkè sókè, á rò pé ó ti dọ́gba. Ó lè jẹ́ ìdí kan nìyẹn tí ìlù ẹsẹ̀ Lars fi ń ta létí.

Bí béèsì bá ń sọnù nínú orin ẹgbẹ́ tiyín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara béèsì. Gìtá ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ fi EQ (ohun èlò tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí wálẹ̀) gé ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 sí 100 Hz kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá dá a gbọ́, á dà bíi pé ó rù; ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun nìkan kọ́ ló máa dún. Tí ẹ bá ti gé àárín rẹ̀ bíi ti Hetfield, ẹ dá díẹ̀ padà láàárín 400 sí 800 Hz. Ẹ jẹ́ kí ìlù ẹsẹ̀ di nǹkan bí 60 Hz mú, kí béèsì wà ní 90 tàbí 100. Ẹ wá fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n agbára ohùn) 2 tàbí 3 kún béèsì láàárín 700 sí 1,000 Hz, kí ìró okùn lè jáde lórí fóònù. Ẹ yí ohùn wálẹ̀ débi tí ẹ lè sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ láìpariwo. Ẹni tó ti òde eré dé, kó lọ sùn. Kó má po orin lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Kò sí EQ tó lè tún ètò orin ṣe, ṣá. Newsted àti Toby Wright, igbákejì ẹnjiníà, ni wọ́n jọ gba béèsì náà sílẹ̀. Ta ló máa sọ fún un pé kó fi ibí yìí sílẹ̀ fún gìtá, kó dúró de ìlù lọ́hùn-ún? Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ló ní àléébù: béèsì rẹ̀ dún kedere nínú àwo kékeré tí wọ́n ṣe ní 1987. Ó sì dùn mí pé orin kẹjọ, To Live Is to Die, tí wọ́n fi ohun tí Cliff ti ta sílẹ̀ kọ́, wà lára àwọn tí béèsì ti ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀ ní 2018, wọn ò yí ìpòpọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyàtọ̀, kó lọ sí àwo 1991 tí Bob Rock bá wọn ṣe. Níbẹ̀, béèsì Newsted kúrò lẹ́yìn gìtá, ó lọ bá ìlù rìn.