Oògùn àgbà fún ọmọ ọwọ́: ta ló yẹ kó bá wa pò ó ní Ìkòròdú?

Ọmọ ọwọ́ tí ọkàn rẹ̀ ní ihò lè ti ilé ìwòsàn bọ̀ pẹ̀lú oògùn méjì tó ń mú kí ara tu omi dànù, furosemide àti spironolactone. Oníhóró ni èyí tó wọ́pọ̀ lórí àtẹ wa, ìwọ̀n àgbà ló sì wà nínú wọn. Iṣẹ́ apoògùn ni mò ń ṣe, àwọn òbí láti Ìgbógbó, Òwútù àti Ìjẹ̀dẹ̀ kì í sì yé béèrè ẹni tó lè sọ hóró yìí di olómi tọ́mọ á lè mu. Díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn rèé.

Ọmọ oṣù mẹ́rin ni tèmi. Furosemide 40 miligíráàmù ni wọ́n tà fún wa. Kẹ́mísìtì àdúgbò ní òun á fi bíléèdì gé e sí mẹ́jọ. Ṣé kò séwu?

Ewu ń bẹ níbẹ̀, mà. Ká ní ọmọ náà wọn kílò márùn-ún, tí dókítà sì kọ miligíráàmù kan fún kílò kọ̀ọ̀kan, 5 miligíráàmù nìyẹn. Ìdá kan nínú mẹ́jọ hóró náà ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹ gbé hóró kan sínú àwo kí ẹ gé e wò. Bẹ́ ẹ ṣe là á sí méjì, apá kan á tóbi ju èkejì lọ. Bẹ́ ẹ bá tún là á, igun rẹ̀ á rún. Kó tó di mẹ́jọ, ìyẹ̀fun rẹ̀ ti wà lára bíléèdì, ó ti wà lọ́wọ́ yín. Ọmọ lè gba 3 lónìí, kó gba 8 lọ́la.

Furosemide ló ń fa omi tó pọ̀ jù jáde lára. Bó bá pọ̀ jù, omi ara ọmọ á gbẹ, potassium, iyọ̀ kan tí ọkàn nílò láti ṣiṣẹ́, á lọ sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá kéré jù, omi á kóra jọ sí ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ á wá máa mí hẹlẹhẹlẹ, kò ní lè fa ọmú dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ìwé-àṣẹ kẹ́mísìtì ò ka oògùn pípò mọ́ iṣẹ́ wọn: oògùn tó ti wà nínú páálí rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Apoògùn ló ń po oògùn.

Báwo la ṣe máa mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo ara ògiri. Pharmacy Council of Nigeria ló ń fún ilé oògùn àti apoògùn tó ń bójú tó o níwèé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń sọ ọ́ dọ̀tun. Ẹ wo ọdún tó wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún ọmọ tó ń tajà pé apoògùn gan-an lẹ fẹ́ rí.

Ìwé yẹn nìkan ò tó, nítorí ọ̀pọ̀ wa tó níwèé kì í po oògùn rárá, títà là ń tà. Ẹ bi í bóyá ó ní òṣùwọ̀n tó ń wọn ohun kékeré. Ẹ bi í bóyá ìlànà tó ń tẹ̀ lé wà lákọsílẹ̀, kì í ṣe pé ó wà lórí. Kẹ́ ẹ bi í bó ṣe ń ṣe é. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á sọ fún yín pé òun á ka hóró, òun á lọ̀ wọ́n nínú odó kékeré títí wọ́n á fi kúnná, òun á fi omi oògùn díẹ̀ pò ó kó ki, òun á máa bù kún un díẹ̀díẹ̀, òun á ṣan odó náà, kí òun da omi ìṣanwó sínú rẹ̀, kí òun tó bu ìyókù sí i dé ojú ìlà. Ẹni tí ìbéèrè yín bá ń bí nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Tèmi ni pé ẹni tó bá ń dáhùn láìkánjú sàn ju ẹni tó sún mọ́ ilé lọ.

Bẹ́ ẹ ò bá rí i ní Ìkòròdú, ẹ má torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12 padà sídìí bíléèdì. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka oògùn ní ilé ìwòsàn LASUTH n'Ìkẹjà tàbí LUTH n'Ídìí-Àràbà.

Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò tí wọ́n pò fún wa. Ṣé ayédèrú ni?

Rárá o. Oògùn tí ilé iṣẹ́ ń ṣe fún gbogbo èèyàn ni NAFDAC ń fún ní nọ́ńbà, kì í ṣe èyí tí wọ́n pò fún ọmọ kan ṣoṣo lórí ìwé dókítà. Àmọ́ hóró tí wọ́n lọ̀ gbọ́dọ̀ ní in. Ẹ ní kí wọ́n fi páálí rẹ̀ hàn yín.

Ẹ sì béèrè ibi tí omi tí wọ́n fi pò ó ti wá. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìyẹn rí. Láàárín 2008 sí 2009, ọmọ tó ju 80 lọ ló kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n mu My Pikin, oògùn eyín ọmọdé. Diethylene glycol, májèlé tó ń ba kíndìnrín jẹ́, ló wọ inú propylene glycol, omi tí wọ́n fi po oògùn náà. Májèlé yìí ń dùn lẹ́nu, ojú lásán ò sì lè dá a mọ̀. Glycerin (òun náà jẹ́ omi tí wọ́n fi ń po oògùn) àti propylene glycol tí apoògùn bá lò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún oògùn, pẹ̀lú ìwé àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á, kì í ṣe èyí tí wọ́n bù sínú kẹ́ẹ̀gì lọ́jà.

A yí ilé oògùn padà. 2.5 mílílítà là ń fún un tẹ́lẹ̀. Ká máa bá a lọ bẹ́ẹ̀?

Ẹ dúró ná! Ẹ ka ara ìgò méjèèjì. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ 2 miligíráàmù nínú mílílítà kan, 2.5 mílílítà jẹ́ 5 miligíráàmù. Bí tuntun bá jẹ́ 10 nínú mílílítà kan, 2.5 yẹn ti di 25, ìlọ́po márùn-ún! Miligíráàmù tí dókítà kọ ni kẹ́ ẹ há sórí. Ìgò tí wọn ò bá kọ orúkọ ọmọ, agbára oògùn nínú mílílítà kan, ọjọ́ tí wọ́n pò ó àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ sí lára, ẹ má gbà á. Síríǹjì ẹnu ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má lo ṣíbí. Kẹ́ ẹ sì mi ìgò náà dáadáa nígbàkúùgbà, nítorí oògùn yìí kì í yòrò tán nínú omi, ó ń rọ̀ sísàlẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá mì í, omi lásán lọmọ á mu lọ́sẹ̀ yìí, á wá mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbúrò mi ní Amẹ́ríkà ní kí n lọ po naltrexone ìwọ̀n kékeré fún ìrora ara. Ṣé ọ̀dọ̀ apoògùn yìí kan náà ni?

Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ìwé dókítà. Àwọn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí naltrexone 50 miligíráàmù ní 1984 fún àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Ìwọ̀n 1.5 sí 4.5 miligíráàmù tí àwọn kan ń lò fún ìrora, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ò tíì fọwọ́ sí i, èsì ìwádìí lórí rẹ̀ ò sì tíì dọ́gba. Ohun tó kàn yín jù: bẹ́ ẹ bá ń lo tramadol tàbí codeine, ẹ má fi ẹnu kàn án. Ó ń dènà wọn lára, ó sì lè da ara èèyàn rú gan-an. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò.

Ṣé ká po ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, nítorí owó ọkọ̀?

Mo mọ bí owó ọkọ̀ ṣe rí, àmọ́ ẹ má ṣe é. Oògùn olómi tí kò ní ohun tó ń dènà kòkòrò nínú, ọjọ́ 14 ni ìlànà USP, àjọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà oògùn kalẹ̀, fún un, nínú fíríìjì. Iná wa sì nìyí. Ẹ sọ fún apoògùn iye wákàtí tí iná ń dúró ládùúgbò yín, kó lè mọ èyí tó máa fún yín. Ìgò aláwọ̀ dúdú ló yẹ kó wà, torí ìmọ́lẹ̀ ń ba furosemide jẹ́. Ẹ pe apoògùn lọ́jọ́ mẹ́ta kó tó tán, kó lè ti pò ó sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.